Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Àǹtí Nọ́ọ̀sì Kò Fà Mọ́

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ń ṣe. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fọ aṣọ aláṣọ, tí mo ń lọ̀ ọ́, tí mo ń ká a. Mi ò lè rí ìdọ̀tí kí n mójú kúrò. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí mo bá dé ọ̀run, ibi tí ọṣẹ wà ni n ó kọ́kọ́ béèrè.

Òun ní tirẹ̀, agbẹ̀bí ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èmi ọkọ rẹ̀ náà ò sì pè é lórúkọ mìíràn. Bí obìnrin bá ń rọbí níbi tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, òun ni wọ́n máa ń pè, òjò ì báà máa rọ̀, oòrùn ì báà máa mú. Mo ti rí i tó fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, tó mú báàgì rẹ̀, tó sì ti wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ jáde kí n tó gbé omi mì. Kí n má tàn yín, mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń mú orí mi wú.

Àwọn tó ń rí sí ààbò ojú pópó ló ní kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa fún yín. Mo ní ojú á tì mí. Ọ̀gá wọn ní kò burú, kí n sọ ọ́ bí ojú tilẹ̀ ń tì mí.

Sátidé ni mo máa ń fọ ọkọ̀ ìyàwó mi. Mi ò gbé e fún afọkọ̀ kankan, nítorí wọn kì í fọ inú rẹ̀ dáadáa. Bàtà agbẹ̀bí kì í mọ́. Ẹrọ̀fọ̀ máa ń wà níbẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn tí n kò ní dárúkọ náà máa ń wà níbẹ̀. Torí náà, n ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, n ó po omi ọṣẹ pọ̀ mọ́ bílíìṣì tí mo fi ń fọ aṣọ funfun, n ó da á sí ìdí tọ́rótù tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ àti búréèkì, n ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ibẹ̀ títí á fi máa dán. Odidi ọdún kan ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń yan bí ẹní kọ́lé.

Láàárọ̀ Sátidé tí mò ń wí yìí, ó jáde wá bá mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Dádì, ẹ tún ti fọ̀ ọ́? Ọkọ̀ yìí mọ́ ju èmi tí mò ń wà á lọ."

"Jẹ́ kó gbẹ ná," mo ní.

"Kò sáyè gbígbẹ. Mo fẹ́ lọ wo ìyá ọmọ tuntun kan." Ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Iná kékeré kan tó dà bí àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú. "Ẹ wò ó, ó tún ti tàn."

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí iná yẹn ti ń dà wá láàmú. A ní mẹkáníìkì kan tí à ń pè ní Ó-Ti-Tán, nítorí pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn tó bá ti ń nu ọwọ́. Ó ti fi ẹ̀rọ ka àìsàn ọkọ̀ náà, ẹ̀rọ sì dárúkọ sẹ́ńsọ̀ tọ́rótù, ìyẹn ohun kékeré tó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló yọ ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ibi tó máa ń ṣí tí afẹ́fẹ́ á fi wọlé nígbà tí a bá tẹ tọ́rótù, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní ó ti tán. Kò tán. Nígbà tí iná tún tàn, ó kọ́ wa lọ́gbọ́n kan: ká yọ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká tún dè é padà. Iná á kú lóòótọ́, àmọ́ tó bá di ọjọ́ mélòó kan, á tún tàn.

Mo yọ orí bátìrì. Iná kú. Ìyàwó mi lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wá pè é. Obìnrin kan ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ bá mi lọ," ló sọ fún mi. "A máa gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo nílò ẹni tó máa dì í mú."

Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. A gbé obìnrin náà sẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan, ọkọ rẹ̀ sì jókòó síwájú. Ọkọ̀ ń fà dáadáa títí a fi dé ibi tí a ó ti sọdá títì márosẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Tírélà kan ń bọ̀ lókèèrè, àyè sì wà dáadáa. Ó tẹ tọ́rótù. Ọkọ̀ bọ́ sórí títì, ó dé àárín, ó sì rọ. Ẹ́ńjìnnì ò kú o. Ó kàn ń kùn, ó ń rákò, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni ọkọ obìnrin náà wí.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀," ni ìyàwó mi dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ó tan iná tó ń ṣẹ́jú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa rákò lọ. Tírélà ń fọn fèrè. Mo rí ojú dírẹ́bà rẹ̀ kedere, mo sì fi ara mi bo obìnrin tó wà nítan mi. Ẹ má bi mí pé àdúrà wo ni mo gbà, mi ò rántí ọ̀kankan.

Dírẹ́bà náà yà bàrá. Ó fi nǹkan bí ìwọ̀n apá kan gba ẹ̀yìn wa kọjá. A rákò dé ẹ̀gbẹ́ títì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì pa ọkọ̀, ó tún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì fà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. A dé ilé ìwòsàn. Wọ́n tètè gba obìnrin náà wọlé, ó bímọ, tìyá-tọmọ sì yè.

Ìgbà tí a délé, ìyàwó mi ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Mi ò ní gbé aláboyún sínú ọkọ̀ yẹn mọ́," ló wí.

"Báwo lo ṣe máa wá dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn mẹ́rin ló máa bí lápá ibẹ̀ lóṣù yìí. N ó sọ fún wọn kí wọ́n wá ẹlòmíràn." Ó nu ojú rẹ̀. "Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, n bá máa wà á. Àmọ́ mi ò lè fi ẹ̀mí ẹlẹ́mìí dán an wò."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kó ní kí ẹnikẹ́ni wá ẹlòmíràn rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Mo ránṣẹ́ pe Ó-Ti-Tán. Ó dé, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ ka ọkọ̀, ó ní ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí òun fi sí i kò dáa, ká wá òmíràn.

"Kí ló mú un dá ẹ lójú?" mo bi í.

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Ẹ̀rọ yìí náà ló sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́sí. Ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lánàá."

Ó họ orí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó sì mọ ẹ́ńjìnnì dunjú. Ó ká wáyà ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá sọ ohun tí mo ṣì ń yìn ín fún títí dòní.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ wáyà àti sẹ́ńsọ̀ yìí ju agbára mi lọ. Rẹwáyà kan, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Obìnrin ni, Onímítà là ń pè é. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá a."

A rọra wà á lọ láìgba títì ńlá kankan.

Ṣọ́ọ̀bù Onímítà ò tóbi. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àwọn páálí kéékèèké tó kọ nǹkan sí lára, àti wáyà tó fi kọ́ ara ògiri, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyẹn nìkan ti jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn.

Mo rò pé á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́gán. Kò ṣí i. Ó gbé àga fún mi, ó mú bírò àti ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ sọ fún mi. Ìgbà wo ló máa ń ṣe é? Ṣé tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ni àbí tó bá tutù? Ṣé lójú ọ̀nà tó tẹ́jú ni àbí tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n?"

Mo sọ gbogbo èyí tí mo mọ̀. Mo ní ó sábà máa ń le lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ wá ń ṣe tí iná bá tàn?"

"A máa ń yọ orí bátìrì."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé yín. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ ohun tó rí sílẹ̀ pamọ́ fún wa. Tí ẹ bá yọ bátìrì, ẹ ti pa á rẹ́ nìyẹn. Àìsàn ò lọ, dókítà lẹ lé jáde."

Ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ ka ọkọ̀. Ó-Ti-Tán na ọrùn. "Ṣé ẹ rí i, sẹ́ńsọ̀ tọ́rótù ló wí."

"O ò purọ́," ni Onímítà fèsì. "Àmọ́ àdúgbò lo dárúkọ yẹn, o ò tíì sọ ojúlé. Ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀. Tọ́rótù tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ náà ní tirẹ̀. Wáyà tún wà láàárín wọn. Ka ọ̀rọ̀ náà dópin."

Ó-Ti-Tán kà á dópin. Ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé. Ẹ̀rọ ní ìròyìn méjèèjì tó ń wá láti ibi tọ́rótù ẹsẹ̀ kò bára mu. Kò dárúkọ ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ rárá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún alágbàfọ̀," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Láyé àtijọ́, okùn irin ló so tọ́rótù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, okùn fà, ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ̀ yín yìí ò ní okùn. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ń ṣọ́ ẹsẹ̀ yín, tí wọ́n ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà pé ibi báyìí lẹ tẹ̀ ẹ́ dé. Kọ̀ǹpútà ló wá ń ṣí ilẹ̀kùn."

"Kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ méjì?"

"Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Tí ẹnu wọn bá kò, kọ̀ǹpútà á gbà. Tí ọ̀kan bá ní ẹ ti tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, tí ìkejì ní ẹ ò tẹ nǹkan kan, kò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́. Kí ọkọ̀ má baà ṣàdédé sáré gbé yín lọ, á dín agbára rẹ̀ kù, á máa rákò. Ààbò ni wọ́n fi ṣe. Iná yẹn ló fi ń sọ fún yín ṣáájú pé nǹkan ò lọ déédéé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí oníṣẹ́ ọwọ́ láyé mi, àmọ́ mi ò rí irú obìnrin yìí rí. Ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀, ó ki orí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní kí n tan iná sí òun. Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Ó rọra ti ẹnu mítà tó fi ń wọn iná bọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì tó so wáyà mọ́ tọ́rótù, kò dá wáyà kankan lu. Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá iná tó yẹ kó wọlé ń wọlé. Ó ń wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ tẹ tọ́rótù díẹ̀díẹ̀, tó ń pe nọ́ńbà, tí Ó-Ti-Tán ń kọ ọ́.

"Nínú irú ọkọ̀ yìí, nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ ìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́, láti òkè délẹ̀," ló wí. "Tí ẹ ò bá mọ ti ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé dání, ẹ wo ìwé rẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ó dáa nìyẹn," ni Ó-Ti-Tán wí.

"Kò tíì dáa. Ojú kan la dúró sí. Títì la ti ń lo ọkọ̀, títì sì máa ń gbọ̀n ọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì mi wáyà náà, díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mítà. Mi ò mí. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ìkejì já lulẹ̀ di òdo. Ó fi í sílẹ̀, nọ́ńbà padà. Ó tún un mì, ó tún já.

"Ojúlé rẹ̀ nìyí," ló wí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó pa ọkọ̀, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀kán omi kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n ti di àwọ̀ ewé, ọ̀kan sì ti jẹ tán débi pé ó kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbé e sún mọ́ imú. Kó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń fi ọwọ́ mi po nǹkan náà.

"Ta ló ń fọ ọkọ̀ yìí?" ló béèrè.

Ó-Ti-Tán wò mí, ó sì wo ilẹ̀.

"Èmi ni," mo ní.

Kò fi mí ṣẹ̀sín. "Ẹ̀gbọ́n, ó hàn pé ẹ tọ́jú ọkọ̀ yìí. Àmọ́ aṣọ gbígbẹ nìkan lẹ máa fi nu ìdí tọ́rótù. Omi ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, ká má tíì wá sọ bílíìṣì."

Ó gé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dà nù, ó fi tuntun so wáyà, ó fi rọ́bà dí i kí omi má wọlé mọ́. Ó fọ irin ara tọ́rótù, ó rí i pé wọ́n ṣì le dáadáa. Ó tún gbogbo wíwọ̀n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún mi gbogbo wáyà. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ká jáde, ó sì wà á gba ọ̀nà tó ní kòtò jù lágbègbè náà, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ Ó-Ti-Tán tó ń ka nọ́ńbà sókè. Ìgbà tí a padà dé ló tó yọ awò ojú. Kò sọ pé ó ti tán. Ó ní kí n lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n gbé e padà wá kí òun tún wò ó.

Ó-Ti-Tán rọra bi í léèrè bóyá òun lè máa wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. "Ra mítà tìrẹ kó o tó wá," ló dá a lóhùn. Ó sì rà á.

Ó wá ku èmi àti ìyàwó mi.

Mo bá a nínú yàrá, ó ń to àwọn oògùn rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Látọdún kan wá, ní gbogbo Sátidé?"

"Ní gbogbo Sátidé."

Ó wò mí títí. "Tí tírélà yẹn ò bá yà, gbogbo wa ì bá ti kú, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ọwọ́ yín ló fà á."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì tún bẹ̀ ẹ́.

"Mo mọ̀ pé torí mi lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́," ló wí níkẹyìn. "Èmi náà rí iná, mo sì ń wakọ̀ lọ. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá."

Ó wa ọkọ̀ náà, mo jókòó tì í. Títì márosẹ̀ ọjọ́sí ló gbà lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dúró kí títì dá pátápátá. Ó tẹ tọ́rótù, a sì ti wà lódìkejì kí n tó dijú. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀.

"Kí la wá ṣe níbí?" mo bi í.

"Ìyá kan ń gbé lọ́hùn-ún tí mo ti sọ fún pé kó wá ẹlòmíràn. Mo fẹ́ lọ sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń wà á, ẹ gbọ́ mi. Tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, ẹ má fi nǹkan bò ó, ẹ má sì yọ bátìrì láti pa á. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti máa kà á, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ka gbogbo ohun tó kọ. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ nǹkan, ẹ bi í pé kí ló wọ̀n tó fi mọ̀ pé nǹkan náà ti bàjẹ́. Ẹ ní kó wo wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó yọ ohunkóhun, kó sì mì wọ́n nígbà tó bá ń wò wọ́n. Ẹ má da omi sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀yin afọkọ̀ náà ni mò ń bá wí.

Tí ọkọ̀ bá sì rọ mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì, ẹ má jáyà. Ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ rọra darí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń sáré fúnra rẹ̀, ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, ẹ sì dúró níbi tí kò léwu. Bó bá tún ń fà lẹ́yìn tí ẹ pa á tí ẹ sì tún yí kọ́kọ́rọ́, kò tíì sàn o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.

Ẹni tí ẹ gbé sẹ́yìn ọkọ̀ kò mọ ohun tí iná yẹn ń sọ. Ẹ̀yin ti wá mọ̀ báyìí.